Kí ẹ tó ra oògùn, ẹ ya irun àárín ọmọìka ẹsẹ̀ ajá yín wò

Àǹtí wa láti Ọ̀yọ́, ẹ kú àìsùn o. Ẹ ní Lhasa yín, irú ajá kékeré onírun gígùn nì, ọmọ ọdún kan àbọ̀, kì í jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun mọ́, pé ẹsẹ̀ ló ń lá ṣáá, tí ahọ́n rẹ̀ ń dún pọ̀-pọ̀-pọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ní ìyá yín sọ pé ajá ń fọ ọwọ́ ni, àti pé ẹnì kan lọ́jà Akẹ̀sán ní kí ẹ fi GV, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń fi sí ojú egbò, kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi nǹkan kan kùn ún. Ọ̀rọ̀ yìí gba owó lọ́wọ́ mi, ó gba oorun lójú mi, ó sì kù díẹ̀ kó gba ajá tèmi lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lápá ibi tí àwọn ọmọ LAUTECH pọ̀ sí. Tanímọ̀la ni mo sọ ajá mi. Lhasa ni òun náà, funfun báláú, àbúrò mi ló gbé e wá fún mi láti Ìbàdàn nígbà tí kò tíì ju ọmọ ológbò lọ. Ó ti pé ọdún méjì kí ẹsẹ̀ lílá tó bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń lá, ti iwájú lápá òsì. Mo gbé e sórí itan lábẹ́ iná, mo fi ìka ya irun àárín ọmọìka rẹ̀, dágunró ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ dágunró, èso ẹlẹ́gùn-ún tó kún ẹ̀bá ọ̀nà wa gbogbo. Ó ti rì wọlé, irun ti lọ́ mọ́ ọn, awọ abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì rin. Mo fi àlùmọ́gàjí ge irun náà díẹ̀díẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ibẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, kò lá a mọ́.

Ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ dáhùn nìyẹn: ṣé ẹsẹ̀ kan ló ń lá ni, àbí gbogbo rẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan, ojú ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Ẹ̀gún lè wà níbẹ̀, èékánná lè ti ya, eégbọn lè ti wọ àárín ọmọìka lọ jókòó, ìjàlọ̀ sì lè ti bù ú jẹ. Bó bá jẹ́ méjèèjì iwájú tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ láti inú ara ajá, tàbí láti ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti sọ èyí fún mi nígbà náà ni, ìyà tó jẹ Tanímọ̀la kì bá tí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò wá rọ̀ dáadáa ló tún bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni lọ́tẹ̀ yìí. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà. Mo rò pé ilẹ̀ pupa wa ni, mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Itọ́ ni. Ohun kan wà nínú itọ́ ajá tó máa ń sọ irun funfun di pupa bó bá pẹ́ lára rẹ̀. Nítorí náà, bí ajá yín bá funfun, ẹ wo àwọ̀ irun náà dáadáa, á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń lá ibẹ̀ nígbà tí ẹ kò sí nílé. Lẹ́yìn àwọ̀, òórùn dé. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ imú, ó ń rùn bí omi ògì tí kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Aládùúgbò kan ní kí n fi ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti lò pa á lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni mo kọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ohunkóhun tí mo bá fi pa ẹsẹ̀ ajá, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n mo ra ìpara tí àwọn èèyàn fi ń pa làpálàpá ní kẹ́míìsì, mo ń fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ó rọlẹ̀, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá júwe ọkùnrin kan fún mi tó ń tọ́jú ajá láti ojúlé dé ojúlé. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní kúrùnà ni, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò ara. Kò wọn ajá náà wò rárá, ajá tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju kílò 5 lọ!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Tanímọ̀la dìde pé kó wá bá mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Mo gbé e sáyà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, mo ń fi òwú tí mo rẹ sómi nù ún létè. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó rìn dáadáa. Oògùn náà kì í ṣe oògùn burúkú, àwọn dókítà ń lò ó, ṣùgbọ́n bí ara ajá bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn ún. Èyí tí ajá ńlá lè fara dà lè pa ajá kékeré. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì gbé ajá yín sórí òṣùwọ̀n, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó gún un lábẹ́rẹ́.

Dókítà ẹranko tí mo padà gbé e lọ bá kò tètè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ìbéèrè ló ń bi mí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń ṣe é lásìkò ọyẹ́ náà ni, àbí nígbà òjò nìkan? Kí ni mo fi ń nu ilẹ̀? Kí ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, títí kan èyí tí àwọn ọmọ ń jù fún un lábẹ́ tábìlì? Ó wá mú sẹ́lótéèpù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ọmọìka rẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ní kí èmi náà wá wò. Àwọn nǹkan tín-tìn-tín kan ló kún ibẹ̀, wọ́n rí bí ẹ̀pà tó wà nínú èèpo, tí ìbàdí rẹ̀ há. Malassezia ni wọ́n ń pè é, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì wú. Ajá tí nǹkan kan kò ṣe náà ní díẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ibi tó bá lọ́rinrin tó sì móoru ni wọ́n ti ń pọ̀. Àárín ọmọìka ajá rí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ni ajá ti ń làágùn. Ti Lhasa tún wá yàtọ̀: irun ti dí ibẹ̀ pa, ìrì àárọ̀ ń rin ín, òun fúnra rẹ̀ tún ń fi itọ́ kún un. Ó ń yún un, ó ń lá a, ibẹ̀ túbọ̀ ń rin, ó sì túbọ̀ ń yún un.

Dókítà wá ní àwọn wọ̀nyẹn kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Nǹkan kan wà tí ara ajá náà kò gbà, ìyẹn ló kọ́kọ́ ń yún un, kí wọ́n tó ráyè pọ̀.

Ohun tí a ṣe sí ẹsẹ̀ náà kò le. Ṣampú tó ní chlorhexidine, ìyẹn oògùn apakòkòrò, nínú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí a tó ṣàn án kúrò. Ìṣẹ́jú 10 yẹn gùn o! Orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú abọ́, èmi á máa kọrin fún un. A gé irun àárín ọmọìka rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ti ìta wọlé, omi lásán la fi ń ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà tówẹ̀lì, àárín ọmọìka kọ̀ọ̀kan, títí á fi gbẹ. Gbígbẹ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Bó bá dalẹ́, a ó fi ike tó rí bí àrọ sí i lọ́rùn kí ẹnu rẹ̀ má baà débẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni ti oúnjẹ. Ìrẹsì àti ẹran màlúù inú ọbẹ̀ wa ni Tanímọ̀la ń jẹ láti kékeré. Dókítà ní kí n fún un ní ohun tí kò jẹ rí, òun nìkan, fún ọ̀sẹ̀ 8: ẹja bíbọ̀ àti iṣu, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà ń ṣe ajá ní jàǹbá. Kò gbọdọ̀ jẹ bísíkíìtì, kò gbọdọ̀ jẹ egungun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá mi wá kí wa, àánú ajá ṣe é, ó ju pọ̀nmọ́ kan fún un. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ení. Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn náà kí ilé tó dákẹ́ lóru. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé, dókítà ní kí n dá ẹran màlúù padà díẹ̀ kí a lè mọ̀ dájú. Lóru ọjọ́ kejì, mo wà lórí ibùsùn, mo gbọ́ ọ: pọ̀-pọ̀-pọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ti mọ ohun tó ń bá ajá mi jà.

Mi ò sọ pé ẹran màlúù ló ń ṣe ti yín. Adìẹ, ẹyin tàbí mílíìkì ni ara ajá mìíràn ń kọ̀. Ti òmíràn kò sì kan oúnjẹ rárá: eruku inú ẹní àti tìmùtìmù ni, tàbí lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko, èyí sì máa ń ní àsìkò tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹja àti iṣu bọ́ ọ pẹ́, ẹ bá dókítà sọ ọ́, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí ara ajá nílò tí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ tún wo oògùn tí ẹ fi ń nu ilẹ̀. Èyí tó ń ta yín nímú, ẹsẹ̀ ajá ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi omi lásán nù ún lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kó tó kọjá. Ẹ máa lo oògùn eégbọn déédéé, kí ẹ sì sá ẹní rẹ̀ sóòrùn. Ajá tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ náà lè máa lá ẹsẹ̀ nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Ní ti GV, gbogbo ojú ibẹ̀ ló máa sọ di àlùkò, dókítà kò ní lè rí bó ṣe pọ́n tó. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiyín náà, pàápàá ibuprofen. Bí ẹsẹ̀ náà bá wú, tó ń ṣọyún, tàbí tó ń tiro, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ẹ kò bá rí èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé e sórí itan lábẹ́ iná. Ẹ ya irun rẹ̀, ẹ wo àárín ọmọìka kọ̀ọ̀kan, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹsẹ̀ kan ni tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ohun tó jẹ lónìí. Mo ń retí èsì yín.