Ẹ Fi Ìkíni Sẹ́yìn Eré

Ojú ewé yìí wà fún ìbéèrè ẹ̀yin òǹkàwé lórí eré sísá. Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Benin, ni mo ti ń dáhùn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín o. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sáré láàárọ̀ ní ẹsẹ̀ àwọn òkè ìlú wa, a sì ti forúkọ sílẹ̀ fún máràtónì Èkó. Ètò wa ni pé ká gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ká lọ gba nọ́mbà àyà wa, ká sùn sílé àbúrò bàbá mi ní Múṣín, ká sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ká sì wọkọ̀ padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nítorí iṣẹ́. Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ dé Èkó kí n má kí gbogbo ẹbí tó wà níbẹ̀. Ṣé ètò yìí dáa? Kí la máa jẹ? Ṣé ooru Èkó yàtọ̀ sí tiwa?
— Télọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ètò yín ò dáa, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ yí i padà kí owó ọkọ̀ tó jáde lápò yín.

Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni ẹ fẹ́ sá. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ sinmi lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi odindi ọjọ́ yẹn ká orúnkún sínú ọkọ̀. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kọtonú nìkan lé ní 200 kìlómítà. Ẹ ó tún wọ òmíràn dé Ṣẹ̀mẹ̀, ẹ ó dúró níbodè, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ ọ̀nà Bàdágìrì, níbi tí wọ́n ti máa ń dá ọkọ̀ dúró yẹ ìwé wò léraléra. Ilẹ̀ lè ti ṣú kẹ́ ẹ tó rí Múṣín. Níbo lẹ ti wá fẹ́ rí nọ́mbà gbà? Nínú eré ńlá báyìí, kí ọjọ́ eré tó pé ni wọ́n ti máa ń pín in tán.

Ẹ gbéra ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ tètè lọ gba nọ́mbà kí èrò tó pọ̀, kẹ́ ẹ padà wálé, kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè kúrò nílé Ọjọ́bọ̀, ẹ fi ti kìlómítà 42 sílẹ̀ lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé yín sí ti kìlómítà 10 tí wọ́n máa ń sá lọ́jọ́ kan náà, àti bóyá ẹlòmíràn lè bá yín gba nọ́mbà. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá kìlómítà 10 tó dùn á tún padà lọ. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé kúrò lójú títì kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ eré mọ́.

Ẹ má gbàgbé ìwé. Látọdún 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ṣàdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ìwé la fi ń jẹ àǹfààní náà: pásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, àti ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sápò ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ sọ ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ dé Múṣín lálẹ́, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ti gúnyán sílẹ̀. Ọbẹ̀ ń gbóná, ẹran kún inú rẹ̀, ata rodo ń ta sí imú láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ọmọ wa láti ilé, ẹ jẹun o.” Ta ló máa ní òun ò jẹ? Ẹ ò tíì fọwọ́ tán tí wọ́n á fi ní ẹ jẹ́ ká lọ kí ìyá àgbà ní Agége. Ẹ dé Agége, wọ́n ní ẹ ò lè débí kẹ́ ẹ má dé Ìkòròdú, pé ìyẹn á ka ìwà àfojúdi sí yín lọ́rùn. Aago mọ́kànlá alẹ́ á bá yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bẹ́ẹ̀ kùtù hàì leré máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó lẹ́sẹ̀ dáadáa, tí wọ́n fi oṣù mélòó kan múra sílẹ̀ nílé, tí wọ́n jókòó sẹ́bàá títì kí eré tó dé ìdajì, tí wọ́n ń di ikùn mú. Òru ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti sá tiwọn tán.

Nítorí náà, ẹ fi ìkíni sẹ́yìn eré. Gbé fóònù nísinsìnyí, kó o pe ìyàwó àbúrò bàbá rẹ. Òun gan-an ni kó o pè, torí òun ló ń dáná. Sọ fún un pé: “Ẹ kú iṣẹ́ ilé, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá wa se ìrẹsì funfun tàbí iṣu, kí ata má pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú la fẹ́ jẹ iyán yín, a ò sì ní jẹ ẹ́ kù.” N ò tíì rí ìyá Yorùbá tó bínú sí ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀ iyán sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ní ti bàbá rẹ, sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fojú di ẹbí, ọjọ́ ìkíni nìkan la sún síwájú. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ka ojú ewé yìí sí wọn létí.

Oúnjẹ tí inú yín ti mọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́ Ẹtì àti láàárọ̀ eré. Bí ẹ̀kọ àti búrẹ́dì lẹ máa ń jẹ kẹ́ ẹ tó sáré gígùn nílé, òun náà ni kẹ́ ẹ jẹ l'Ékòó, ní bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó tú yín sílẹ̀. Ẹ gbé gàrí tiyín dání. Wàrà Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, pàápàá tó bá ti wọnú ọbẹ̀ ata, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ohun tó lọ́ràá kì í tètè dà nínú.

Ooru Èkó yàtọ̀ sí tiyín pátápátá. Oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń sá eré náà, nígbà tí ọyẹ́ lè má tíì kúrò lọ́dọ̀ yín. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, òógùn máa ń gbẹ bó ṣe ń jáde, gbígbẹ yẹn ló sì ń mú ara tutù. L'Ékòó, ọ̀rinrin òkun àti ọ̀sà ti kún inú afẹ́fẹ́. Òógùn á máa ṣàn dé inú bàtà láìgbẹ, ara á sì máa gbóná sí i. Ara máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ́ irú ooru bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ ò ní ọjọ́ yẹn, torí náà ẹ gbàgbé aago tẹ́ ẹ fi ń sáré nílé. Ẹ rọra sá kìlómítà 10 àkọ́kọ́ débi pé ẹ máa lè bá ara yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ.

Ibi tí ìyẹn ti máa wúlò fún yín ni orí afárá. Súrúlérè, níbi pápá ìṣeré ńlá, ni wọ́n ti máa ń gbéra látọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí, ìparí rẹ̀ sì wà ní Eko Atlantic létí òkun. Láàárín méjèèjì ni Third Mainland Bridge wà. Afárá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Kò sí igi, kò sí òjìji, kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa kígbe “ẹ kú iṣẹ́” bíi ti ọ̀nà Ìkòròdú. Oòrùn á máa jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yín bẹ́ ẹ ti ń lọ sí Erékùṣù. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí Mákòókó, àwọn ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú ọ̀sà, àwọn ọmọdé tó ń tu ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, èéfín ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń sun ti bo ojú omi, ó gùn mí nímú, mo sì ń rò ó pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń sọ èdè tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ lọ́jà Wàndó l'Ájàṣẹ́ níbí. Ó ṣe mí bíi kí n dúró kí n kí wọn. Àwọn tó ti fi ìbẹ̀rẹ̀ eré gbé ara wọn pa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin afárá, ọwọ́ ní ìbàdí. Mo ń kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe ẹni tó ń sáré gan-an. Ẹ ṣọ́ ojú irin tí wọ́n fi so afárá náà pọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè tẹ́ ẹ bá débẹ̀, torí ó máa ń kọ́ bàtà ẹni tó ti rẹ̀.

Omi: díẹ̀díẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti ń pín in. Ẹ má mu ún bí òǹgbẹ ò bá gbẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Omi lásán tó pọ̀ jù máa ń mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ó máa ń da orí rú, ó sì ti pa sárésáré rí. Ẹ fi dàbínù díẹ̀ àti iyọ̀ sínú ọ̀rá kékeré nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ máa jẹ dàbínù náà kẹ́ ẹ tó rẹ̀, torí pé níwọ̀n kìlómítà 30 ni ṣúgà tí ara fi pamọ́ máa ń fẹ́ tán, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti máa ń wúwo lójijì.

Ẹ ò gbọdọ̀ wọkọ̀ lálẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹsẹ̀ tó sá 42 tí wọ́n wá ká mọ́ ẹ̀yìn àga ọkọ̀ láti Èkó dé Ṣábẹ̀ẹ́, iṣan á fà á títí ẹ ó fi sunkún. Ẹ sùn. Láàárọ̀ Àìkú, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn ẹbí tó wà nítòsí, ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń tú iṣan. Ẹ fi àmì-ẹ̀yẹ sọ́rùn lọ, kí inú wọn dùn. Ẹ padà sílé màmá wá jẹ iyán. Ọjọ́ Ajé lẹ tó padà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi, ẹni 20 ọdún, ń sáré pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níbí. Wọ́n fẹ́ lọ sùn ní ìlú mìíràn nítorí eré òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ará ilé ní eré gígùn ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀.
— Ìyá kan, nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà, Kétu

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá. Eré sísá kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Àwọn òyìnbó náà ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí dí obìnrin lọ́nà rí. Lọ́dún 1967, Kathrine Switzer wọ máràtónì Boston pẹ̀lú nọ́mbà láyà. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ eré náà sáré tọ̀ ọ́ lójú títì láti já nọ́mbà náà gbà. Kò rí i gbà, obìnrin náà sì sá a parí. Ọdún 1972 ni wọ́n tó gbà fún obìnrin níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1984, máràtónì obìnrin ti wọ Òlíńpíìkì, ní Los Angeles. Joan Benoit ló gba ipò kìíní, ó sì bí ọmọ méjì lẹ́yìn náà. Ìlú tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde láti bọlá fún àwọn ìyá kò yẹ kó máa fi ilé ọmọ dẹ́rù ba ọmọbìnrin.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oúnjẹ tó ń jẹ kò tó eré tó ń sá. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì bu oúnjẹ sí i.

Ní ti ìrìnàjò, àníyàn yín tọ̀nà. Ẹ pe olórí ẹgbẹ́ náà wálé, kẹ́ ẹ béèrè ilé tí wọ́n máa sùn, bóyá yàrá obìnrin dá wà, àti orúkọ obìnrin àgbà tó máa tẹ̀ lé wọn. Ẹ gba nọ́mbà fóònù obìnrin náà, kẹ́ ẹ sì pè é fúnra yín. Bí wọn ò bá rí obìnrin kankan dárúkọ, kí ọmọ má lọ. Bí wọ́n bá rí i, ẹ sure fún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ.

ÌBÉÈRÈ

Èékánná ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi dúdú lẹ́yìn eré tí mo lọ sá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò kí n tó sá òmíràn?
— Oníṣòwò, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ má yọ ọ́. Bàtà yín ló kúrú, ìka ń gbá iwájú rẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kó sábẹ́ èékánná. Tuntun á hù jáde, àtijọ́ á já fúnra rẹ̀. Ẹ ra bàtà tó fi àyè fífẹ̀ àtàǹpàkò sílẹ̀ níwájú, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò. Bí ibẹ̀ bá ń gbóná tàbí ó ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.