Ẹ fi ẹran inú ọbẹ̀ sílẹ̀, ibòmíì ni owó gbèsè ilé wà

Ẹ̀yin tọkọtaya tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ gbèsè ilé, ẹ kú orí ire o. Ẹ ní 200,000 pọ́ùn lẹ jẹ báǹkì, èlé rẹ̀ jẹ́ 5%, ọdún 25 lẹ máa fi san án. Ẹ ní ẹ ti ń gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti kó wọlé, síbẹ̀ gbèsè ò sún. Èmi àti baálé mi ń san tiwa lọ́wọ́ níbí ní Kent, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Ìdí tí kò fi sún ni pé nínú nǹkan bí 1,169 pọ́ùn tẹ́ ẹ ń san lóṣù, 833 ni èlé gbé lọ lóṣù àkọ́kọ́. 336 péré ló kan gbèsè. Àmọ́ iyekíye tẹ́ ẹ bá fi lé e lórí, gbèsè gan-an ló ń kàn, nítorí pé wọ́n ti gba èlé oṣù yẹn tán. Tẹ́ ẹ bá ń fi 100 pọ́ùn lé e lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí èlé náà ò sì yí padà, ọdún 25 á di ọdún 21 àti oṣù díẹ̀, ẹ ó sì já nǹkan bí 24,000 pọ́ùn gbà lọ́wọ́ báǹkì. Tó bá jẹ́ 200, kò ní tó ọdún 19 tẹ́ ẹ máa san án tán.

Ẹ wò ó, 200 pọ́ùn lóṣù yìí ò sí nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ jẹun. Nílé tiwa, mọ́tò kejì la kọ́kọ́ wò. Ọdún 2023 ni fix wa parí, ìyẹn ọdún díẹ̀ tí báǹkì fi ṣèlérí pé èlé ò ní yí padà. Báǹkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé èlé láti 0.1% tó wà títí di àárín December 2021 lọ sí 5.25%, bí owó tí à ń san lóṣù ṣe fò sókè nìyẹn. A jókòó, a ṣírò ìnṣọ́ráǹsì, MOT (àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún), epo, owó ibi tí à ń gbé mọ́tò sí, àti mẹkáníìkì tí kì í sọ iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí baálé mi rí àpapọ̀ rẹ̀, kò lè jiyàn mọ́, àmọ́ ó fajú ro. Ó ní kí làwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá rí òun ní ibùdókọ̀. Mo ní kí wọ́n bá òun san gbèsè ilé kí wọ́n tó sọ ọ́. A ta mọ́tò náà.

Èkejì ni òde àríyá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù fún àwa Yorùbá tó wà nílùú ọba. Kì í ṣe owó aṣọ ẹbí nìkan. Gèlè wà níbẹ̀, bàtà, owó ìnáwó, ẹ̀bùn, epo dé Manchester, òtẹ́ẹ̀lì tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìpinnu wa ni pé ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá nìkan la ó máa ra aṣọ wọn. Ti àwọn tó kù, a ó lọ, a ó wọ aṣọ tó wà nílé, a ó sì fi nǹkan díẹ̀ sí àpòòwé. Àwọn kan pè wá ní ahun. Wọ́n ṣì ń pè wá síbi òde wọn, nítorí náà kò tíì pa wá.

Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ni mi ò fọwọ́ kàn. Ohun tí a ṣe ni pé a sọ iye kan pàtó lóṣù, a sì ya owó pàjáwìrì àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀, kí ìpè òjijì má bàa dé bá owó gbèsè.

Àwọn kéékèèké ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ gbé fóònù kúrò lórí kọ́ńtíráàtì tó bá ti parí, owó SIM nìkan, láìsí owó fóònù, ni kẹ́ ẹ máa san. Kẹ́ ẹ tó sọ ìnṣọ́ráǹsì dọ̀tun, ẹ béèrè iye rẹ̀ níbòmíì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Tó bá jẹ́ boiler kọ́ńbì lẹ ní, èyí tó ń gbóná omi lójú ẹsẹ̀ láìsí táǹkì, ẹ dín ooru omi tó ń lọ sí radiator tó ń mú ilé móoru kù sí 60°C. Ẹ se ọbẹ̀ ata rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ kó o sí firísà nínú ike áísìkiriìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ á máa bínú tí wọ́n bá ṣí i.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn, asán ni tí owó tẹ́ ẹ dín kù bá sùn nínú àkáǹtì yín. Owó tí ò bá kúrò nílé lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, á wáṣẹ́ fún ara rẹ̀. Standing order ni kẹ́ ẹ ṣe, ìyẹn àṣẹ fún báǹkì láti máa fi iye kan ránṣẹ́ lóṣooṣù, kó máa lọ tààrà sórí gbèsè ilé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń san council tax (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà) ní oṣù mẹ́wàá, tí wọn kì í san ti February àti March. Owó tẹ́ ẹ ò san lóṣù méjèèjì yẹn náà, ẹ tì í sórí gbèsè ilé. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n máa fi àjọ kó o jọ, kí n wá san án lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn àjọ, àmọ́ ojoojúmọ́ ni báǹkì tiwa ń ṣírò èlé, nítorí náà ó sàn kí owó náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn ju kó wà lọ́wọ́ olórí àjọ.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe báǹkì. Púpọ̀ nínú wọn á gbà kẹ́ ẹ fi 10% gbèsè lé e lọ́dún nígbà tẹ́ ẹ bá wà lórí fix. Tẹ́ ẹ bá kọjá ìyẹn, wọ́n á bu owó ìtanràn lé yín. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ọdún ni kí wọ́n dín kù, nítorí àwọn báǹkì mìíràn á kàn dín iye tẹ́ ẹ ń san lóṣù kù, ọdún á sì wà bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè credit card, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, èlé tirẹ̀ ga ju ti ilé lọ fíìfíì. Kẹ́ ẹ sì fi owó tó lè gbọ́ bùkátà oṣù mẹ́ta pamọ́ ná, torí owó tó bá ti wọ inú gbèsè ilé, kò rọrùn láti gbà padà bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín.