Ológbò wa kú, ọmọ mi ò fẹ́ sùn mọ́

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Manchester là ń gbé. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la gbé ológbò wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, a ò sì gbé e padà wálé. Ọmọ ọdún 17 ni. Ó ti wà lọ́dọ̀ mi kí n tó bí ọmọ kankan, nígbà tí mò ń gbé yàrá kan ṣoṣo. Òun nìkan ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Ó lé lọ́dún méjì tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Èmi àti Dárà, àkọ́bí mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, la jọ ń fún un ní omi sábẹ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: Dárà á dì í mú, èmi á gún abẹ́rẹ́.

Dókítà ló sọ pé ó ti tó, mo sì fọwọ́ sí ìwé. Dárà ní òun ò ní jáde níbẹ̀. Nígbà tó parí, ojú ológbò là sílẹ̀ kalẹ̀, ọmọ mi sì ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé ó ti kú, pé ṣé a ò kánjú pa á. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 5, èmi ni mo sọ fún un pé wọ́n fún ológbò lábẹ́rẹ́, ó sì lọ sùn. Òun náà ò wá fẹ́ sùn mọ́. Bí mo bá ti pa iná, ẹkún ni.

Mo pe ìyá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Ológbò? Ológbò lò ń sunkún lé lórí? O ò rí iṣẹ́ ṣe ni?" Mo pa fóònù mọ́ wọn létí. Ìyẹn ń dùn mí. Ó tún ń dùn mí pé bóyá ǹ bá ti tètè rí àìsàn yẹn. Wọ́n ń fi iná sun òkú rẹ̀, eérú rẹ̀ á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì mọ ohun tí màá fi ṣe.

Ìyá Dárà

Ìdáhùn

Ìyá Dárà, ẹ kú ìrọ́jú. Bí àwọn àgbà kan bá gbọ́, wọ́n á ní ṣé nítorí ológbò ni mo ṣe ń kí irú kíkí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Tiwa kú lọ́dún 2021, ní Leeds níbí, àìsàn kan náà ló pa á. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, inú mọ́tò ni mo ti sunkún, mo wá wọlé purọ́ fún ìyàwó mi pé ọ̀fìnkìn ni.

Ti àbúrò ló kán jù. Ẹ lọ bá a lálẹ́ òní, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí mọ́mì sọ yẹn ò tọ̀nà: ológbò ò sùn, ó kú ni. Àwọn òyìnbó ló ń sọ pé àwọn "fi ẹranko sùn". Àgbàlagbà mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀, ọmọ ọdún 5 ò mọ̀ ọ́n. Àwa náà kúkú ń bo ikú lójú. Ọba a wàjà, àgbà a papòdà, àní "olóògbé" tí à ń pe òkú, òògbé ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í sọ ìyẹn fún ọmọdé tán, tó tún ní kó lọ sórí ibùsùn? Ẹ sọ fún un pé ara ológbò ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kò mí mọ́, ebi ò pa á, nǹkan ò dùn ún, kò sì ní jí. Pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ. Pé oorun tiẹ̀, àárọ̀ ni í parí sí. Ó máa tún bi yín lọ́la, á sì tún bi yín lọ́tunla. Kì í ṣe pé kò gbọ́.

Ti Dárà wá. Ó yẹ kí ẹni tó gún abẹ́rẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ ojú yẹn fún yín tẹ́lẹ̀. Ojú ẹranko kì í sábà padé bó bá kú. Iṣan ló ń pa ìpéǹpéjú dé, bí iṣan bá sì ti dẹ̀, ojú á wà ní lílà. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń rí i kí ẹranko fà bí ẹni mí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí ọkàn ti dúró, kí ẹ̀rù sì bà á. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò, pentobarbital, oògùn akunnilóorun ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fún un pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń mú, kó tó wá kan èémí àti ọkàn, torí náà ẹranko náà ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ bi Dárà bóyá ó rántí pé dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kó lè dá a lójú pé ọkàn ti dúró ló ṣe gbọ́ ọ.

Bó bá sì ní ṣé ẹ ò kánjú, ẹ má yára sọ pé rárá. Ẹ ní kó sọ bí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣe rí fún yín. Ọmọ tó di ológbò mú fún ọdún méjì mọ ara yẹn ju dókítà lọ. Á rántí oúnjẹ tó kọ̀, èébì, igun tó lọ fara pamọ́ sí. Oúnjẹ tí èròjà phosphorus inú rẹ̀ kéré, omi abẹ́ awọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ẹ̀ kàn ń fa ọjọ́ sẹ́yìn ni, kò sí èyí tó ń wo kíndìnrín ológbò tó ti bàjẹ́ sàn. Èmi ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá ohun tá a ṣe mu. "Pa" le jù, "fi sùn" sì jẹ́ irọ́. Mo wá sọ fún ọmọbìnrin mi pé a ò jẹ́ kó fi ìrora kú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ yàn án?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi àti màmá rẹ la yàn án. Ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ jẹun.

Ẹ ní ẹ̀ bá ti tètè rí i. Báwo? Kí ológbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láìdáwọ́ dúró, kó sì máa tọ̀ lọ́nà yẹn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára kíndìnrín rẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ológbò ò sì lẹ́nu àròyé. Tiwa ń mumi nídìí ẹ̀rọ lówùúrọ̀ lálẹ́, èmi sì ń yìn ín. Mo ní ológbò wa mọ omi mu!

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni aago méje alẹ́, ìgbà tí a máa ń fún tiwa ní omi abẹ́ awọ. Ṣé ẹ mọ bí omi yẹn ṣe máa ń ṣù jọ lẹ́yìn ejìká rẹ̀ bí iké? Abuké là ń pè é títí ara á fi fà á mu. Lẹ́yìn tó kú, aago fóònù mi ṣì ń dún ní méje géérégé, èmi náà á sì dìde, kò sí nǹkan kan láti dìde sí. Ẹ wá iṣẹ́ fún Dárà ní wákàtí yẹn fún ọjọ́ díẹ̀. Kẹ́ ẹ jọ kó abẹ́rẹ́ tó kù padà sọ́dọ̀ dókítà (ẹ má dà á sínú garawa ìdọ̀tí), kó sì kó agolo oúnjẹ tí ẹ ò tíì ṣí fún àwọn tó ń gba ológbò tí kò nílé. Ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀ pẹ̀lú. Blue Cross, ẹgbẹ́ tó ti ń tọ́jú ẹranko láti 1897, ní fóònù ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ bá kú. Mo pè wọ́n rí, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti màmá, ẹ pè wọ́n. Ẹ bẹ̀ wọ́n torí fóònù, ẹ má bẹ̀ wọ́n torí ẹkún. Nílé tí wọ́n dàgbà sí, torí èkúté ni ológbò ṣe wà ńbẹ̀, ẹlòmíì sì gbà pé ẹyẹ àjẹ́ ni. Síbẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Bàbá bàbá mi ṣọdẹ ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì ní ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la, torí òwe làwọn ọdẹ fi ń sọ ajá lórúkọ. Nígbà tó kú, bàbá ò wọ igbó fún ọjọ́ méje, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ajá ni kẹ́ ẹ sọ fún màmá. Ẹ sọ ti yàrá kan ṣoṣo yẹn fún wọn. Bóyá wọn ò mọ̀ rárá pé ológbò nìkan ló ń pàdé ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Eérú náà, bí ilé bá jẹ́ tiyín, ẹ lè sin ín sẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá háyà ni, ẹ bi onílé. Kò sì ní kánjú nínú, ó lè wà lórí pẹpẹ di ọdún tó ń bọ̀. Òkú odindi la sin ní tiwa, a sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa torí àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Leeds yìí. Nígbà tí mo bo ilẹ̀ tán, ọmọbìnrin mi wọlé lọ bu omi wá nínú ife, ó dà á síbẹ̀. Ó ní òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ tipẹ́. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ bu òmíràn wá.

Bàbá Ìní, Leeds