Ṣé fítámì C lè gba ojú lọ́wọ́ èéfín títì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ní Lágéré, n'Ífẹ̀, ni mo ti ń ṣe POS. Ẹ̀bá títì ni mo máa ń jókòó sí, jẹnẹrétọ̀ alámùúlégbè mi sì ń tú èéfín lù mí. Àmì dúdú ti ń yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ní kí n ra serum fítámì C, oje inú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń pa ojú. Ṣé kí n rà á, àbí owó á ṣòfò?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè dá a ṣe. Èéfín máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ojú, á bà á jẹ́, á sì jẹ fítámì C àti E tó wà nínú awọ tán díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 2010, rí i pé àwọn obìnrin tó ń gbé níbi tí èéfín ọkọ̀ ti pọ̀ ní àmì dúdú níwájú orí àti lẹ́rẹ̀kẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Òyìnbó nìyẹn o. Ti àwa tí ibi tí ẹ̀fọn bá jẹ lásán ń dúdú ńkọ́?

Serum tó dáa máa ń ní L-ascorbic acid, ìyẹn ojúlówó fítámì C, 10% sí 20%. Bí fítámì E àti ferulic acid, èròjà kan láti ara ewéko, bá wà nínú rẹ̀, ó túbọ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́ kíá, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo inú ìgò. Bó bá mọ́ tàbí tó pọ́n díẹ̀, ó dáa. Bó bá ti ṣàwọ̀ bí oyin, ẹ dá a padà. Èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn lọ́jà, ẹ má tiẹ̀ yà síbẹ̀. Ìpara abóra tí wọ́n kọ “fítámì C” sí lára, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ sá fún un.

Láàárọ̀, ẹ fi ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa ojú, kó gbẹ, kí ẹ wá fi sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ SPF 30 lé e. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, sunscreen ni kí ẹ rà, torí oòrùn ló ń dá kún àmì yẹn jù. Bí serum bá ń ta awọ ojú yín, ẹ lo ti niacinamide, irú fítámì B kan, 4% tàbí 5%. Kì í ta ni tó bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, ọṣẹ tí kò le àti àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Kàn-ìn-kàn-ìn tẹ́ ẹ fi ń ha ojú, òun náà ń mú un dúdú.

Ẹ bá mi bẹ alámùúlégbè yẹn kó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jìnnà. Èémí yín ni èéfín yẹn máa kọ́kọ́ bá jà, kò sì sí serum tó lè gbà yín níbẹ̀. Bí àmì náà kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ lọ rí oníṣègùn awọ ara ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ifẹ̀.