Èsì: kílọ́ọ̀bù kún, síbẹ̀ dáńsà ò rówó mú lọlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín tó ń jó ní kílọ́ọ̀bù oníjó ìhòòhò ní Amẹ́ríkà ń rí èrò tó kún ibẹ̀, síbẹ̀ kò rówó mú lọlé. Èrò tó ń rí yẹn ò náwó mọ́ ni. Oníbàárà á ra bíà kan ṣoṣo, á fi jókòó dòru, táwọn dáńsà bá ní káwọn jó fún un ní kọ̀rọ̀ á ní "tó bá yá", bẹ́ẹ̀ kọ̀rọ̀ yẹn lowó wà. Nígbà tí Lehman Brothers, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wó ní September 2008, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Wall Street tó ń náwó yàlàyòlò ní kílọ́ọ̀bù New York náà fawọ́ sẹ́yìn.

Èyí tó burú jù: ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kì í sanwó oṣù fún dáńsà, dáńsà ló ń sanwó fún wọn kó tó gorí pèpéle, á tún yọ ti DJ, torí náà bí ọjà ò bá yá, gbèsè ló ń gbé lọlé. Ọ̀gá ti gba tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní tiẹ̀ o! Nígbà tí ọjà ò yá bẹ́ẹ̀, àwọn tíṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn á tún rọ́ wọlé wá jó, wọ́n á jọ máa du oníbàárà díẹ̀ náà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ California ló wà, ó lè yàtọ̀, lẹ́yìn ìdájọ́ Dynamex ní 2018, tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ fi mú kó ṣòro láti pe òṣìṣẹ́ ní adáṣẹ́ṣe, ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ibẹ̀ ti ń sanwó wákàtí. Kó yẹ ìwé tó fọwọ́ sí wò ná.