Kí ló fa àwọn okùn tó ń tú ìgbì rédíò jáde nítòsí àárín gálásì wa?
Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, tó ń sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń lọ́ yí ipa òòfà ká ni wọ́n ń tú ìgbì rédíò jáde.

Ibo ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀? Ní 2019, awò rédíò MeerKAT ní Gúúsù Áfíríkà fi àpò gáàsì ràgàjì méjì hàn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ àárín gálásì. Inú wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn okùn náà wà, èyí ló wú mi lórí jù! Ó jọ pé ìbúgbàù kan náà, ní mílíọ̀nù ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ló fa àpò méjèèjì, tó sì ṣeé ṣe kó fún àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà lágbára: bóyá Sagittarius A*, ihò dúdú tó wà láàárín gálásì wa gan-an, ló gbé gáàsì rẹpẹtẹ mì, tàbí kó jẹ́ pé ìràwọ̀ tuntun púpọ̀ ló wáyé lẹ́ẹ̀kan náà.