Kí ló dé tí wàrà mi kò yọ́ nínú búrẹ́dì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Mo rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì tí wọ́n ki ṣíìsì bọ̀ láàárín, tí ṣíìsì náà ń fà bí ilá. Mo ra wàrà lọ́wọ́ Fúlàní kan, mo gé e pẹlẹbẹ, mo fi búrẹ́dì Agége bò ó, mo gbé e ka gáàsì. Búrẹ́dì jóná, wàrà ò yọ́. Mo fi iná kún un, pàbó ló já sí. Ṣé ayédèrú ló tà fún mi ni? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ bá Fúlàní yẹn fa wàhálà. Wàrà gidi lẹ rà. Ọ̀rọ̀ iná, a ó dé ibẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń pariwo kiri pé ṣíìsì tí kò bá yọ́, tí kò fà, ayédèrú ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Irọ́ gbuu ni.

Wàrà wa kì í yọ́. Àwọn tó ń ṣe é á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á da omi ewé bọmubọmu sí i, wọ́n á jẹ́ kó hó títí tí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀. Oríṣi pùròtéènì méjì ló wà nínú mílíìkì: casein, òun ló ń di ṣíìsì, èkejì máa ń bá omi lọ. Bí iná bá wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á so mọ́ra. Mílíìkì ọ̀hún kò sì tíì kan, kálísíọ́mù tó di casein mú ṣì pé síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè yọ́. Bí ẹ bá wá ń fi iná kún iná, omi inú rẹ̀ lẹ̀ ń fún jáde, á sì máa le sí i.

Ti Cheddar, ṣíìsì òyìnbó tó ń yọ́, yàtọ̀. Wọn kì í jẹ́ kó hó rárá. Ìgbóná tí wọ́n fi ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ara èèyàn lọ. Wọ́n á fi kòkòrò àìfojúrí tó ń mú mílíìkì kan sí i, kíkan yẹn ló ń yọ díẹ̀ kúrò nínú kálísíọ́mù náà. Ìdè rẹ̀ á dẹ̀, bí iná bá kàn án, á ṣàn. Halloumi àwọn ará Cyprus àti paneer àwọn ará Íńdíà náà kì í yọ́, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní ayédèrú. Bí wàrà bá ń yọ́ ni, kí la ó máa rí jẹ nínú ẹ̀fọ́?

Kódà, ṣíìsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀rá wé níkọ̀ọ̀kan, tó ń yọ́ wẹ́rẹ́, iyọ̀ bíi sodium citrate ni wọ́n fi sí i kó lè yọ́ bẹ́ẹ̀. Ará Switzerland méjì, Walter Gerber àti Fritz Stettler, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1911. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́ o.

Ó dáa. Ẹ ra Cheddar tí kò tíì gbó púpọ̀. Èyí tó gbó jù á kàn máa ṣe òróró ni. Ẹ rin ín fúnra yín, torí wọ́n máa ń da ìyẹ̀fun sára èyí tí wọ́n ti rin tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó fà, ẹ fi mozzarella, ṣíìsì tó máa ń fà, díẹ̀ kún un. Ṣúgà pọ̀ nínú búrẹ́dì Agége, ìdí nìyẹn tó fi tètè jóná: ẹ gé e nípọn, ẹ fi bọ́tà pa ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná kéré gan-an. Ẹ dé páànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin fún ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ wàrà níbẹ̀ dandan, ẹ kọ́kọ́ dín in pẹ̀lú ata, kí ẹ wá tò ó sórí Cheddar. Lójú tèmi, ó dùn ju ti fóònù lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ já bọmubọmu láti fi dánra wò nílé. Oje rẹ̀ ní májèlé tó ń ba ọkàn jẹ́, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Alásè ni mí, n kì í ṣe dókítà: aláboyún àti ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu, ẹ bi dókítà yín.

Wàrà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ tún un sè nínú omi oníyọ̀, kí ẹ dín in lónìí kó tó kan.